Bí Páìnì Ṣe Lẹ̀ Mọ́ Mi Nídìí

Mùyídéènì ni orúkọ mi. Pákó ni mò ń tà ní Ìgbọ́nà, nílùú Òṣogbo. Lọ́dún 1994, kò sí ẹni tó ń bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ igi. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n tán. Ohùn mi ló ga. Màá fi ìka kan pákó, màá dẹtí sí i bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn, màá wá ní, "Afàrà ni." Nígbà mìíràn, ó máa ń já sí arère.

Ohùn yìí ló gbé mi dé Iléṣà. Ìjọ kan níbẹ̀ ní oko páìnì, igi òyìnbó kan. Wọ́n gbìn ín nítorí ilé iṣẹ́ bébà tí wọ́n ní yóò wá rà á. Igi dàgbà, oníbébà ò dé. Ni wọ́n bá pinnu láti fi ṣe bẹ́ǹṣì tuntun fún ṣọ́ọ̀ṣì. Baba Ọlọ́runyọmí, olórí àwọn àgbà ìjọ, ránṣẹ́ pè mí.

"Àlàájì, ṣé ẹ mọ páìnì?" ni wọ́n bi mí.

N kò dé Mẹ́kà rí, n kò sì la páìnì rí. Mo gba oyè náà, mo ní, "Ta ló tún kù tó mọ̀ ọ́n, Baba?"

Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣa pákó náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tó dára jù fún bẹ́ǹṣì, kí wọ́n ta ìyókù fún àwọn tó ń kan ìsọ̀ lọ́jà. Ẹwà ni mo fi ṣà á. Èyí tó ní kókó rẹpẹtẹ, tó pọ́n, tó ń dán bí ohun tí wọ́n fi òróró pa, mo kọ "Kìíní" sí i lára. Èyí tó funfun, tó gún gbọọrọ, tí kò ní kókó kankan, ojú mi ò gbà á. Mo ní kí wọ́n tà á.

Bọ́lárìnwá, káfíńtà ìjọ, gbé ọ̀kan wò. "Ó wúwo o. Ṣé ká má kọ́kọ́ jẹ́ kó gbẹ?"

"Igi tó bá wúwo ló lágbára," mo dá a lóhùn. N kò mọ̀ pé omi àti oje inú rẹ̀ ló wúwo.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Wọ́n fi èmi àti Kifayat ìyàwó mi sí bẹ́ǹṣì tuntun iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba Ọlọ́runyọmí, bí àlejò pàtàkì. Oòrùn mú lórí páànù, ìwàásù gùn, oje sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú gbogbo kókó tí mo yìn. Nígbà tí wọ́n ní ká dìde kọrin, ìró tó sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì dà bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ lọ́jà. Màmá Phebe, ìyá ìjọ, dìde dé ààbọ̀, wọ́n sì rọra padà jókòó, torí ìró tí wọ́n ró ò bá wọn dìde.

Ìgbà náà gan-an ni wọ́n pè mí síwájú láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

"Bàbá Nọ́síràtù, ẹ má dìde," Kifayat sọ sí mi létí.

Mo dìde. Agbádá mi ò tẹ̀lé mi. Mo fi agbára fà á, mo ṣubú padà sórí bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì kán níbi kókó tó tóbi jù, èmi àti Baba Ọlọ́runyọmí sì bá ara wa nílẹ̀.

Baba gbọn ẹ̀wù wọn. "Àlàájì," wọ́n ní, "páìnì náà mọ̀ yín o."

Ẹ̀rín tí ìjọ rín lọ́jọ́ náà ju orin Ìkórè lọ.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Bọ́lárìnwá tú àwọn bẹ́ǹṣì náà, a ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi kókó ni gbogbo wọn ti ń sán. Èyí tí wọ́n là láti àárín gbùngbùn igi, tí ìlà róbótó inú rẹ̀ jìnnà síra, ó ti ń lọ́. Pákó tí ìlà rẹ̀ sún mọ́ra, tí kò ní kókó, ló yẹ bẹ́ǹṣì, àwọn yẹn gan-an ni mo sì ní kí wọ́n tà.

Nígbà tí mo máa fi dé Ọjà Ọba ní Òṣogbo, wọ́n ti fi wọ́n kan ìsọ̀, tòmátò ti gúnwà lórí wọn. Àpìkẹ́, tó ń ta tòmátò, ló rà wọ́n.

"Pákó tó gún báyìí," ó ní, "ẹ fẹ́ kí n tú u fún yín?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó gbà nígbà tí mo ṣèlérí pé èmi fúnra mi ni màá fi afàrà kan ìsọ̀ mìíràn fún un. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Afàrà tó jẹ́ afàrà o," ó ní.

A to pákó páìnì náà sábẹ́ ibòji, a fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Ojoojúmọ́ ni mò ń ní ó ti gbẹ. Bọ́lárìnwá á gbé ọ̀kan wò, á sì dá a padà.

Lẹ́yìn Àjíǹde, bẹ́ǹṣì tuntun wọlé. Wọn ò lẹ̀, wọn ò kán. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí ìjọ tó fi gbogbo ìdí jókòó. Ìwé ìròyìn ni Màmá Phebe ń tẹ́ sábẹ́ ara wọn títí ọdún fi parí. N kò bá wọn wí. Ọjọ́ tí mo lọ kí ìjọ, èmi náà tẹ́ áńkáṣíìfù.