Ìkéde Tó Ń Rìn Lójú Ìwé Ìjọ Wa

Bàbá Alùfáà ló fẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa rìn lójú ìwé ìjọ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n, bí ìròyìn ṣe máa ń gba ìsàlẹ̀ kọjá tí ẹni tó ń ka tiẹ̀ lókè kò sì bìkítà, ó sì wù wọ́n gan-an. Wọ́n pè mí lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ojú ìwé wa yìí ti dákẹ́ jù. Fi nǹkan sí i tí yóò máa mì." Mo ní ó ti dáa, sà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn. Mo máa ń ṣe ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù fún àwọn onílé ìtajà àti àwọn ilé ìwé káàkiri Lẹ́kí, láti inú yàrá mi nílé àwọn òbí mi, ní ẹ̀sítéètì kan ní Ajah. Ti ìjọ ni mo ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kí Ọlọ́run lè rántí mi.

Ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí á rò pé kò ju kéèyàn kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó sì ní kó máa lọ. Irọ́ ni. Ètò kékeré kan wà tó ń mú ọ̀rọ̀ náà rìn, gbogbo nǹkan lo sì gbọ́dọ̀ sọ fún un. O máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti wọlé, nítorí bí kò bá gba ọwọ́ ọ̀tún wọlé, ìdí gbólóhùn ni èèyàn á kọ́kọ́ rí. O máa sọ bí yóò ṣe yára tó. O máa fi àlàfo sáàárín ìkéde kan àti òmíràn. Nígbà tí n kò tíì fi àlàfo sí i, ọ̀rọ̀ àgbàrá tó bo ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọ inú ọ̀rọ̀ ìpàdé àwọn ìyá, ó wá dà bí ẹni pé a ń kìlọ̀ fún gbogbo ìjọ kí wọ́n yàgò fún ìpàdé àwọn ìyá títí omi yóò fi fà. Àwọn ìyá ìjọ ò dá mi lóhùn dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Ìkéde kọ̀ọ̀kan tún ní àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o bá máàkì í, ìkéde náà á máa rìn. Bí o bá yọ máàkì náà, á pòórá lójú gbogbo ayé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àwọn àgbà ní ó ń sáré jù. Mo dín eré rẹ̀ kù. Àwọn ọ̀dọ́ ní ó ń wọ́ bí ìgbín. Mo fi díẹ̀ kún un. Níkẹyìn, Bàbá Alùfáà fúnra wọn gbé fóònù wọn sókè, wọ́n ti jígí ojú wọn sí iwájú orí, wọ́n ń ka ìkéde ìkórè sókè bó ṣe ń kọjá, wọ́n sì kà á tán kí ìparí rẹ̀ tó kọjá lọ. "Ibẹ̀ yẹn gan-an," ni wọ́n wí. Mo fi í síbẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n fi ìkéde tuntun ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ìkéde ìgbéyàwó ni. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lórí: ẹni tó bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjèèjì yìí pọ̀, kó wí, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a ó béèrè. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa ń kà á, ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Orúkọ ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ni orúkọ ẹni tí mo ti gbà nígbà kan pé òun ni yóò jẹ́ ọkọ mi, ṣùgbọ́n orúkọ obìnrin ibẹ̀ kì í ṣe tèmi. Bàbá Alùfáà fi ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: "Bí kò bá rọrùn fún ọ, sọ, kí n wá ẹlòmíràn."

Inú ìjọ yẹn náà ni èmi àti ọkùnrin náà ti pàdé. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló ń bójú tó ní Awoyaya, kò sì sígbà tó ń wá sọ́dọ̀ mi tí sìmẹ́ńtì kì í sí lára bàtà rẹ̀. Èmi, inú mi tètè máa ń ru. Òun, á fara balẹ̀ títí èèyàn á fi fẹ́ gbá a létí. Lọ́jọ́ Sátidé a máa ń lọ sí Eleko, a ó jókòó síbi tí àwọn apẹja ti ń fa ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀, a ó jẹ ẹja yíyan, a ó sì máa jà lórí orúkọ tí a ó sọ àwọn ọmọ wa. Ìyá rẹ̀ ti ń pè mí ní ìyàwó. Ìyá tèmi ti ń bá a wí bí ọmọ tí wọ́n bí.

Ìjọ wa kì í kéde ìgbéyàwó kankan láìrí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì. Òun mọ̀ pé AS lòun. AS ni àwọn òbí mi méjèèjì náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi wò nígbà tí mo wà ní girama, wọ́n ní AA ni, a sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé èmi bọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ AA sínú gbogbo ìwé bí ẹní ń kọ orúkọ bàbá rẹ̀. Àyẹ̀wò tí ìjọ ní ká lọ ṣe wá jáde: AS. Mo ní irọ́ ni, mo lọ ṣe é níbòmíràn. AS. Mo tún lọ síbòmíràn, mo bá obìnrin tó fún mi lésì jà débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọlé wá wò wá. AS náà ni.

Fòníkú-fọ̀ladìde ló pa àbúrò mi ọkùnrin. Ọmọ tó lè pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín ni, àmọ́ bí ọyẹ́ bá ti dé, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó débi tí kò ní lè pariwo mọ́, á kàn máa wo àjà. Ìyá mi á máa fi omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á máa kọrin fún un. Kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà tó kú. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Alùfáà pè wá sí ọ́fíìsì wọn tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn ó sọ, èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Mo ní a ti gbọ́, sà. Ọkùnrin náà ń sunkún. Èmi ò sunkún níbẹ̀. Ó dilé kí n tó mọ ohun tó ṣe mí.

A kò jà. Kò sí ẹni tó ṣẹ ẹnì kejì. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, nítorí èmi tí mo mọ inú bí báyìí, n kò rí ẹni tí mo lè bínú sí. Àwọn ará ìjọ tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agídí mi ló lé e lọ. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n gba ohun tí Bàbá Alùfáà fi lọ̀ mí. Mo dá wọn lóhùn pé kò sí wàhálà, sà, mo sì kọ ìkéde náà síbẹ̀, mo fi irú lẹ́tà ọlọ́ṣọ̀ọ́ kọ orúkọ àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo ṣí i wò lórí fóònù, àwọn lẹ́tà tó ní àmì nínú orúkọ ìyàwó ti di àpótí òfìfo, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí irú lẹ́tà tí èèyàn yàn kò bá gbọ́ Yorùbá. Mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èṣù ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀sán yẹn ni mo fi ń wá irú lẹ́tà tí yóò gbé orúkọ rẹ̀ jáde bó ṣe yẹ, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, mò ń sunkún, mò ń tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tó jáde, ó dára. Mo máàkì àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkéde náà. Orúkọ ọkùnrin wọlé láti ọwọ́ ọ̀tún, ti obìnrin tẹ̀ lé e, wọ́n jọ kọjá lọ, wọ́n sì tún padà wá.

Wọ́n kà á nínú ìsìn ní ìgbà àkọ́kọ́, mo fara dà á. Wọ́n kà á ní ìgbà kejì. Lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin náà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, àwa tí a kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí a ti pínyà, tó lé díẹ̀ ní ọdún kan.

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo gbé e síbẹ̀," ló wí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó. Jọ̀ọ́, gbọ́ mi. Àwọn AS méjì wà tí wọ́n fẹ́ra, tí nǹkan kan ò ṣe ọmọ wọn. Kódà tí a ò bá bímọ rárá, mo ti gbà. Èèyàn dáadáa lọmọbìnrin yìí, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ lọkàn mi wà. Tó o bá ṣì fẹ́ mi, yọ ìkéde yẹn kúrò. O ò ní láti sọ nǹkan kan. Tí mi ò bá rí i mọ́ nígbà tó bá fi di alẹ́ ọjọ́ Sátidé, màá lọ bá Bàbá Alùfáà fúnra mi, màá ní kí wọ́n má kà á nígbà kẹta. Tó bá ṣì ń rìn, màá mọ̀ pé ó ti tán."

Inú bí mi débi pé mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin yẹn ti sọ fún gbogbo ẹbí rẹ̀, ọkùnrin náà wá fẹ́ kí n fi ìka kan ṣoṣo ti ayé ọmọ ọlọ́mọ wó lulẹ̀, kí ọwọ́ tirẹ̀ lè mọ́! Lẹ́yìn ìbínú ni ayọ̀ dé, ayọ̀ tó burú. Ó ṣì fẹ́ mi. Mo tún gbọ́ ohùn náà, mo tún un gbọ́, títí mo fi mọ ibi tó ti mí kanlẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo gbé ọwọ́ lé máọ̀sì, mo mú atọ́ka rẹ̀ dé orí àpótí kékeré náà. Mo ń rò ó. A lè má bímọ. A lè gba ọmọ tọ́. A lè bí, kí Ọlọ́run ṣàánú. Mo rò ó títí mo fi rí ilé tí a ó máa gbé ní Awoyaya, mo rí aṣọ kéékèèké lórí okùn lẹ́yìn ilé náà, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé ara mi ni mò ń tàn. Èmi àti òun kò lè gbé pọ̀ ká má bímọ. A ti sọ wọ́n lórúkọ tán.

Síbẹ̀, ọwọ́ mi kò kúrò níbẹ̀. Báyìí ni ìyá mi ṣe wọlé bá mi láìkanlẹ̀kùn, bí ìṣe wọn. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo orúkọ tó ń kọjá, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo rò pé wọ́n á pariwo lé mi lórí, kí n lè rí ẹni bá jà.

Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Nígbà tí èmi àti dádì ẹ fẹ́ra, a ò mọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ní ká lọ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀." Wọ́n tún ní, "Lọ́jọ́ kan tí ara ń ro àbúrò ẹ, ó bi mí pé, 'Mọ́mì, kẹ́ ẹ tó bí mi, ṣé ẹ mọ̀ pé báyìí ni màá ṣe rí?' Mo ní rárá o, ọmọ mi, mi ò mọ̀. Ó ní ó dáa. Ó sùn. Ìdáhùn yẹn ni mo fi ń gbé ilé ayé látìgbà tó ti lọ. Ìwọ ńkọ́? Tí ọmọ tìẹ bá bi ẹ́, kí lo máa sọ fún un?"

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò lórí máọ̀sì, mo gbé orí lé itan ìyá mi, àgbà tí mo dà yìí. Kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí lẹ́yìn mi, ìkéde náà ń rìn lọ. Mo mọ̀ pé ibikíbi tí ọkùnrin náà wà, ó ń wò ó. Ilẹ̀ ṣú, kò pè mí, èmi náà ò pè é.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Alùfáà kà á ní ìgbà kẹta. Lẹ́yìn tí wọ́n béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìdí, wọ́n dúró díẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe, ìró fáànù nìkan ni a ń gbọ́. Mo wà nídìí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn, níbi tí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ orin sára ògiri. Ọkùnrin náà yíjú padà, ó wò mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn ju bí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ rí lọ. Mo tẹ orin tó kàn, ó hàn lára ògiri, ìjọ dìde.

Lẹ́yìn ìsìn, bí mo ṣe ń ká wáyà, àfẹ́sọ́nà ọkùnrin náà wá bá mi. N kò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí, ìjọ mìíràn ló ti wá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbé ìkéde wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mọ́mì mi ń wò ó lórí fóònù nílé, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn. Ẹ ṣé gan-an, mà." Ojú rẹ̀ tutù. Mo wá ohun tí mo lè kórìíra níbẹ̀, n kò rí i. Kò mọ̀ mí, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ẹ máa bá mi gbàdúrà, Àǹtí. Ọmọ ló wù mí jù láyé. Tí mo bá sọ fún ọkọ mi pé mẹ́rin ni mo fẹ́, á kàn máa wò mí."

Mo ní, "Ọlọ́run á fún yín. Ara wọn á le. Ọyẹ́ á dé, wọ́n á máa sáré kiri nínú rẹ̀, nǹkan kan ò ní ro wọ́n."

Irú àdúrà bẹ́ẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Àmín o, Àǹtí." Èmi náà ṣe àmín. Mo ká wáyà tó kù, mo gbé báàgì mi, mo rìn dé ibi tí a páàkì sí, ìyá mi ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀ dè mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké.