Ibi Tí Ọfà Lè Dé

Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ lise, ilé ìwé girama, ní ìtàn ní Atakpamé nígbà náà, nínú àwọn ọdún 1980. Òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi àpótí eré kan sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Eré ogun ni, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹnì kan á ní òun jẹ́ jagunjagun, ẹnì kejì á ní òun jẹ́ oṣó, wọ́n á jọ máa rìn nínú ìlú tí kò sí níbì kankan, wọ́n á máa bá iwin jà. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ju òkúta kékeré olójú púpọ̀ kan. Iye tó bá yọ lójú rẹ̀ ló máa sọ ẹni tí idà bà.

Ìwé òfin ìjà náà nípọn, Faransé inú rẹ̀ sì le. Ọkọ mi ò ní sùúrù fún un. Èmi tí mo ka ìwé girama dé kíláàsì tó kẹ́yìn kí n tó lóyún, èmi ni mo ń kà á nígbà tí mo bá ń fún ọmọ lọ́mú. Bí mo ṣe di adájọ́ wọn nìyẹn. Ní ọ̀sán Sátidé, ọkọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, nọ́ọ̀sì kan àti tísà sáyẹ́ǹsì kan tó sanra, á yí tábìlì wa ká. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ariwo, wọ́n á ké sí mi.

"Ìyàwó wa, wá gbà mí! Ọkọ rẹ fẹ́ fi èrú pa mí."

Ní ọjọ́ kan, ọfà ló dá ìjà sílẹ̀. Ìwé ní ọfà lè lọ tó ogójì mítà.

"Ọfà mi á dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ yẹn," nọ́ọ̀sì wí.

"Ojú rẹ ló dé ibẹ̀," tísà sáyẹ́ǹsì dá a lóhùn. "Ìwọ tí o kì í rí iṣan kí o tó gún èèyàn lábẹ́rẹ́!"

Kò sí ẹni tó lè fojú inú wo ogójì mítà nínú wọn. Mo mú kàyé, ìwé tí mo ń kọ ìdájọ́ mi sí, mo sì kọ ọ́ bó ṣe máa yé wọn. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ilé pẹrẹfẹ́, ọfà á débẹ̀. Láti ọjà, kò lè débẹ̀, àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ gun òkè. Ẹ̀ṣọ́ tí a bá lójijì kò lè dá ìkọlù padà nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Gbogbo wọn ló mọ ilé pẹrẹfẹ́, ilé ẹni tó ń ṣàkóso gbogbo agbègbè wa.

Mi ò ní purọ́, inú mi dùn sí ọgbọ́n mi.

Ọdún yẹn, sọ́jà kún ojú ọ̀nà. A gbọ́ pé àwọn kan ń dìtẹ̀, a ò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tísà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú. Ọ̀kan tí wọ́n mú tó padà dé kì í sọ̀rọ̀ mọ́ bí ẹnì kan bá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìjọba gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ sí ìlú Notsé, ó sì ní ká wá ṣeré lọ́dọ̀ òun. A wọ takisí. Ọkọ mi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, èmi wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, ọmọ wà lórí itan mi. Ní Glei, wọ́n ta okùn dí ọ̀nà. Sọ́jà kan ní kí n sọ̀ kalẹ̀, ó tú àpò ọmọ mi. Ó yọ aṣọ ìtẹ́dìí, ó yọ ìgò omi, ó yọ kàyé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Madàámù, kí ni èyí?"

"Òfin eré ni, Ṣẹ́ẹ̀fù."

"Eré wo ni wọ́n ti ń ta ẹ̀ṣọ́ pẹrẹfẹ́ lọ́fà?"

Nínú ọkọ̀, ìyá àgbà tó ti ń bá ọmọ mi ṣeré láti Atakpamé fa agbọ̀n rẹ̀ kúrò níbi àpò mi.

"Ta ló kọ ọ́?"

Mo rí i tí ọkọ mi gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú láti jáde. Mo yára sọ̀rọ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Èmi ni." Mo wo ọkọ mi lójú, mo sì fi ojú bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Bí wọ́n bá mọ̀ pé tísà lise ló ń ṣe irú eré yìí, a ò ní rí i mọ́.

Sọ́jà rẹ́rìn-ín. "Obìnrin kì í kọ irú èyí. Ta lò ń bò? Ó dáa, kọ ọ́ kí n rí i."

Mo pọn ọmọ. Orí ọkọ̀ tó gbóná bí agbada ni mo ti kọ ọ́, sọ́jà náà ń ka ìdájọ́ mi sí mi létí: ẹ̀ṣọ́ tí a bá lójijì. Ọmọ ń ké lẹ́yìn mi. Sọ́jà gbé ìkọ̀wé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi ìka tọ ìrù lẹ́tà mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èé ṣe tí ẹ̀ṣọ́ náà ò fi lè ṣe nǹkan kan?"

"Kò retí ogun ni, Ṣẹ́ẹ̀fù. Ìgbà àkọ́kọ́ á ré e kọjá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ju òkúta fún un, bí iye tó yọ bá pọ̀, á jà."

"Ta ló ń sọ pé kò retí rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Èmi," ó wí jẹ́jẹ́, "mò ń retí rẹ̀ nígbà gbogbo."

Ó ya ojú ìwé yẹn, ó ká a mọ́ èyí tí mo kọ lórí ọkọ̀, ó kì wọ́n sápò, ó sì ju kàyé lé mi láyà. "Ẹ máa lọ."

Ní Notsé, nígbà tó ku àwa méjì, ọkọ mi di ẹsẹ̀ mi mú níbi tó jókòó sí nílẹ̀. "Mo jókòó síbẹ̀ bí òkú," ó wí. Mo ní èmi ni mo ní kó jókòó. A ò ṣeré kankan. A sun kàyé náà nínú ààrò nọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n ojú ìwé méjì wà níta, ìkọ̀wé mi ló sì wà lára wọn. Bí mọ́tò bá ti rọra kọjá níwájú ilé wa, ọmú mi á gbẹ lẹ́nu ọmọ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọwọ́ mi bí a ṣe ń kọ̀wé nìyẹn, láàárọ̀, bí ọkọ mi bá ti lọ síbi iṣẹ́. Mo gé ìrù lẹ́tà mi kúrú, mo mú wọn tẹ̀ sí òsì, mo ń kọ wọ́n bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé, títí ọwọ́ mi fi gbàgbé ti àtijọ́. Ó gbà mí tó oṣù mẹ́ta.

Àbúrò mi obìnrin ní Moretan, tó máa ń ka lẹ́tà mi fún ìyá wa, kọ̀wé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń bá ọ kọ lẹ́tà? Màámi ní ṣé ara rẹ ò yá ni? Ó fẹ́ wá wò ọ́."

Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ìkọ̀wé tuntun náà pé ara mi le, kí Màámi jókòó jẹ́jẹ́ sílé, kí ó sì bá mi sun gbogbo lẹ́tà mi àtijọ́.