Iye Ọmọ tí Sẹ̀kínátù Bí

Ẹni tó bá rò pé òun lè mú Sẹ̀kínátù Rùfáì dé orí pápá iléèwé lówùúrọ̀ Sátidé, kó máa na apá na ẹsẹ̀ lójú gbogbo ayé, ẹni náà kò tíì mọ Sẹ̀kínátù. Télọ̀ ni láàárín ìgboro Ọ̀wọ̀. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ iléèwé àti híjáàbù ló sì ń rán jù. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ ni. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá láàárọ̀ Jímọ́ọ̀, tó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ kírun ní Jímọ́ọ̀ náà, Sẹ̀kínátù kì í bá a jiyàn. Á kàn wò ó lójú, onítọ̀hún á sì ká aṣọ rẹ̀ padà sínú báàgì.

Zulaihat ló wá a títí tó fi rí i mú. Abọ́ àti ike ni Zulaihat ń tà ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí èkejì kò mọ̀. Ó ti ń rí i pé ọ̀rẹ́ òun máa ń gbá orí mú lọ́sàn-án, pé ojú rẹ̀ ń pọ́n nítorí àìrí oorun sùn, pé àyà rẹ̀ ń lù kìkì nígbà míì bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ orí àga ló wà látàárọ̀.

"Sẹ̀kí, jáde nínú ulé lọ́jọ́ Sátidé yìí," ni Zulaihat wí. Bí ọmọ Ọ̀wọ̀ bá ń bá ọmọ Ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀, ulé ni yóò pè é. Ìgbà tí àlejò bá dé ló ń di ilé. "Ẹgbẹ́ Ara-Le fẹ́ pàdé. Wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọ, wọ́n á jẹ́ kó o rìn díẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí n máa gbé ọ lọ sí ọsibítù ni?"

Nọ́ọ̀sì Ọláídé ló dá Ẹgbẹ́ Ara-Le sílẹ̀. Ọmọ Ìkàrẹ́ ní Àkókó ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Ọ̀wọ̀, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, kò bá wọn kó ẹrù padà sílé. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń pàdé, wọn kì í sì í jókòó sójú kan. Oṣù yìí lè jẹ́ Ọ̀wọ̀, tó ń bọ̀ lè jẹ́ Ifọ̀n, wọ́n sì máa ń dé Arimogija àti Ìpele. Wọ́n á ṣe eré ìdárayá níbì kan, wọ́n á kọ́ nípa oúnjẹ níbòmíì, wọ́n á jókòó sọ̀rọ̀ níbòmíràn. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń rìn kiri bí alágbàṣe. Ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ọ̀hún lónìí, ẹ máa rí i láàárín wọn tó bá di oṣù tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn l'Ọ̀wọ̀, wọ́n ní kí àwọn ẹni tuntun kọ́kọ́ gba káàdì. Nọ́ọ̀sì Ọláídé fúnra rẹ̀ ló mú bírò. Ó bèèrè orúkọ, ó bèèrè ọjọ́ orí, ó bèèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹbí. Ó wá ní, "Ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Mẹ́rin," ni Sẹ̀kínátù dáhùn.

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Mẹ́ta ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọn báyìí: Jamaldeen, àkọ́bí, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ákùúrẹ́, Toyyibah tó ṣì wà nílé lọ́dọ̀ wọn, àti Anwar tó wà níléèwé gíga. Naimat ló tẹ̀lé Jamaldeen. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí Naimat ti kú, lọ́dún tó ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ni. Ọmọ tó dìde lọ́jọ́ Ajé, tó pọn omi, tó bá ìyá rẹ̀ já òwú etí híjáàbù méjìlá, nígbà tó fi di Jímọ́ọ̀, wọ́n ti ń kírun sí i lára.

L'Ọ̀wọ̀, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ àti ààfáà ló gbé Naimat jáde. Sẹ̀kínátù àti Rùfáì, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn àgbà, wọ́n ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ títí ìró ẹsẹ̀ fi tán. Àwọn àgbà ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, kò sì sẹ́ni tó lè bá àwọn tó sọ ọ́ jà. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò bi agbè pé báwo ni ara rẹ̀ ti rí. Wọ́n tún gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n má dárúkọ ọmọ náà mọ́, kí ọkàn lè tètè rọ̀. Tọkọtaya náà gbà. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún pe Naimat nínú ilé náà.

Nọ́ọ̀sì Ọláídé kọ mẹ́rin sílẹ̀, kò sì bèèrè ohunkóhun mọ́. Wọ́n rìn yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwọn tó mọ Sẹ̀kínátù rí i tó ń rìn, wọ́n sì rò pé eré ló ń lé omi jáde lójú rẹ̀.

Oṣù kejì, wọ́n lọ sí Ifọ̀n. Tíṣà Sylvanus, ọmọ Ifọ̀n tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá, ló ń kọ orúkọ sínú rẹ́jísítà. Bó ṣe ń fi rúlà fa ìlà ló ń wo èèyàn láti òkè awò ojú rẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ máàkì wọn.

"Ọmọ mélòó lẹ ní, Alájà?" Sẹ̀kínátù kò tíì dé Mẹ́kà rí, àmọ́ lójú Tíṣà, obìnrin tó bá ti wọ híjáàbù, tó sì pé àádọ́ta ọdún, Alájà ni.

Lọ́tẹ̀ yìí, Sẹ̀kínátù ti múra sílẹ̀ láti inú mọ́tò. Ó ní, "Mẹ́ta."

Nígbà tí wọ́n de rọ́bà mọ́ ọn lápá, ohun tí ẹ̀rọ sọ kò dára. Nọ́ọ̀sì ní kó jókòó, kó fẹ́ atẹ́gùn sí ara, wọ́n tún un yẹ̀ wò, ó tún ga sí i. Wọ́n kọ ìwé fún un pé kó lọ rí dókítà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà, Zulaihat ń sọ̀rọ̀ iyọ̀ àti Mágí, kí wọ́n dín in kù. Sẹ̀kínátù kò gbọ́. Ó dà bíi pé Naimat dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí àlejò bèèrè pé ta nìyí, tí òun ìyá sì dáhùn pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Ó rí dókítà, ó ń lo oògùn. Wọ́n lọ sí Arimogija ní oṣù kẹta, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kọ́ wọn bí a ṣe ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò sìmẹ́ńtì. Ọwọ́ rẹ̀ wọnú ilẹ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, oorun sì gbé e lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí kì í bá ṣe ti mẹ́ta àti mẹ́rin yìí, ìbá ti máa pè é ní àlàáfíà. Àmọ́ ó ti wá mọ̀ pé ìbéèrè náà yóò tún padà wá, òun kò sì mọ èyí tí òun máa sọ. Bó bá ní mẹ́rin, ojú yóò tì í lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀. Bó bá ní mẹ́ta, kò ní lè dárí ji ara rẹ̀.

Ìpele ni ìbéèrè náà ti padà wá ní oṣù kẹrin. Inú gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n pé jọ sí lọ́jọ́ náà. Tíṣà Sylvanus ní kí wọ́n kó gbogbo káàdì àtijọ́ jáde, òun fẹ́ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìwé ńlá kan. Ó ń kọ, ó ń kọ, ó wá dúró.

"Alájà, ẹ jọ̀ọ́. Nínú káàdì Ọ̀wọ̀, ọmọ mẹ́rin. Nínú rẹ́jísítà Ifọ̀n, mẹ́ta. Èwo ni ká mú?"

Ohùn tíṣà ni, ó dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Zulaihat fò dìde.

"Tíṣà! Ṣé ẹ kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ ni? Ìwé lẹ mọ̀, ẹ ò mọ èèwọ̀!"

Àwọn obìnrin kùn. Òógùn bo Tíṣà tó fi yọ awò ojú rẹ̀ nù. Sẹ̀kínátù gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Ó rò pé ilé lòun ń lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e kọjá igi máńgòrò tó wà níwájú gbọ̀ngàn. Ó jókòó sórí gbòǹgbò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọláídé wá jókòó tì í.

"Ọmọ márùn-ún ni èmi bí," ló wí. "Méjì lẹ lè rí."

Sẹ̀kínátù gbójú sókè wò ó. Ó ti ń bá obìnrin yìí rìn bọ̀ láti oṣù mẹ́ta, kò mọ̀. "Bí wọ́n bá wá bi yín ńkọ́?"

"Márùn-ún ni mo máa ń sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́, mi ò lè wo ẹni tó bi mí lójú. Báyìí, mo ń wò wọ́n lójú, ó kàn máa ń dùn mí ni."

Ibi tí wọ́n wà nìyí tí Tíṣà Sylvanus fi yọ, káàdì lọ́wọ́ ọ̀tún, rẹ́jísítà lọ́wọ́ òsì. Ọkùnrin náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Sẹ̀kínátù ní ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jù mí lọ.

"Alájà, ẹ forí jì mí. Mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n mo ti wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa." Ó na káàdì sí i, ó fi ìka tọ́ka sí i, nítorí tíṣà kì í dẹ́kun láti máa kọ́ni, ì báà jẹ́ níbi tó ti ń tọrọ àforíjì. "Kò sí àṣìṣe nínú ìdáhùn yín. Àwa ni ìbéèrè wa ò bára mu. Nọ́ọ̀sì bi yín pé ọmọ mélòó lẹ *bí*. Èmi bi yín pé ọmọ mélòó lẹ *ní*. Ohun téèyàn ní lè dín kù. Ohun téèyàn bí, ó ti bí i nìyẹn."

Sẹ̀kínátù tẹjú mọ́ káàdì. Bí àti ní: àtìgbà tó ti wà láyé ló ti ń fi ọ̀kan dípò èkejì. Ẹkún tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà wá gbọ̀nà jáde, kò sì sẹ́ni tó ní kó mú un mọ́ra. Nígbà tó rọlẹ̀, ó fi etí híjáàbù nu imú.

"Ẹ kọ mẹ́rin," ló wí. "Ẹ kọ orúkọ wọn pẹ̀lú. Jamaldeen. Naimat. Toyyibah. Anwar."

Tíṣà fa káàdì tuntun yọ nínú rẹ́jísítà, ó gbé e lé orúnkún, ó kọ orúkọ wọn, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, ó bèèrè bí wọ́n ṣe ń sípẹ́lì Toyyibah.

Kí ìrun àsárì tó dé, ó ti délé. Rùfáì jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, pẹ́ńsù iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn etí. Toyyibah ń gúnyán ní ẹ̀yìnkùlé. Sẹ̀kínátù na káàdì tuntun sí ọkọ rẹ̀ pé kó bá òun wo iye tí ẹ̀jẹ̀ ríru òun jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Rùfáì wò ó. Ó ṣì ga, àmọ́ ó ti ń bọ̀ sílẹ̀. Ó ń kà á lọ sísàlẹ̀, ojú rẹ̀ wá dé ibi tí wọ́n kọ ọmọ mẹ́rin sí.

"Ìyá Jamal, wọ́n ti ṣì í kọ níbí." Ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí.

"Wọn ò ṣì í kọ, Bàbá Jamal. Ẹ má pa á rẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́."

Rùfáì mú pẹ́ńsù lọ́wọ́, kò kọ nǹkan kan, kò sì gbé e sílẹ̀. Sẹ̀kínátù ń dúró de ìbínú. Ohun tó rí ni pé ọkọ rẹ̀ ń fi ìka tọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Lọ́dún tó kọjá," ni Rùfáì wí, "ẹgbẹ́ káfíńtà fún wa ní fọ́ọ̀mù kan. Wọ́n ní ká kọ iye ọmọ wa. Mẹ́ta ni mo kọ. Ọjọ́ tí mo délé tí mi ò lè jẹun, tí mo ní inú ń run mí, ọjọ́ náà ni. Láti ìgbà náà, bí mo bá kírun tán, mo máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Ó mọ̀, ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni. Rùfáì ní, "Lọ́wọ́ Naimat."

Ìró odó dákẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Toyyibah yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀, ó ń wo bàbá rẹ̀.

"Ta lẹ pè?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni," ni Sẹ̀kínátù dáhùn.

Omi lé ròrò sójú ọmọbìnrin náà. "Mo rò pé a ò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́ ni. Èmi àti Anwar, ìta la ti máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Ta ló ní kí ẹ má dárúkọ rẹ̀?" ni Rùfáì bèèrè.

"Ẹ̀yin ni," ni Toyyibah wí. "Ẹ̀yin méjèèjì."

Sẹ̀kínátù sún lórí ẹní, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó jókòó sáàárín àwọn, kó sọ èyí tó bá rántí.