Àlọ́ Ọ̀sán

Ìwé ìtàn àkọ́kọ́ tí mo kà tán ní Faransé, obìnrin kan ló kú sí ìparí rẹ̀. Olùkọ́ wa ní Pobè ló yá wa, ẹyọ kan fún gbogbo kíláàsì, a sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sunkún. Èmi kò sunkún. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ń dáná fún obìnrin náà ní gbogbo ìgbà tó fi jókòó sẹ́bàá fèrèsé, tó ń retí ọkọ rẹ̀. Ìwé náà kò sọ. Olùkọ́ ní mo ní làákàyè, ṣùgbọ́n n kò ní ọkàn. Mo rò ó wò, n kò rí ẹ̀rí tí mo lè fi já a nírọ́.

Àwọn ìtàn ọmọ ọba àti igbó dídí tún jìnnà sí mi ju ìyẹn lọ. Nínú wọn, ìyàwó bàbá ni ọ̀dájú. Àlọ́ tiwa náà sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò lè ní òyìnbó ló parọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí mi ti kú kí n tó mọ ìrìn, ìyáálé rẹ̀ ló tọ́ mi dàgbà ní oko wa lápá Igana. Òun ni mò ń pè ní Ìyá. Ó máa ń nà mí, ó máa ń na àwọn ọmọ tirẹ̀ náà. Ẹja inú àwo mi kò kéré sí tiwọn. Mo ti wò ó dáadáa. Tí mo bá dé ibi tí ìyàwó bàbá ti ń fìyà jẹ ọmọ, ńṣe ni mò ń ṣí ìwé lọ bí ẹni tó ń ka ìròyìn ìlú tí kò dé rí.

Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé nígbà náà. Àyè kan ṣoṣo ni ìjọba fún kíláàsì wa láti lọ kàwé sí i ní Àjàṣẹ́. Olùkọ́ ní kí oníkálukú pa àlọ́ ilé rẹ̀ ní Faransé, kó sọ ohun tó ṣe fún ọkàn rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ni yóò lọ. Ọ̀sán gangan ni.

Kò sẹ́ni tó dìde. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ìyá rẹ̀ wà láyé kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án, kí ìyá rẹ̀ má baà kú.

Ọmọkùnrin kan ní, “Ẹ̀yin náà ẹ pa á. Ikú ò gbọ́ Faransé.”

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun náà kò kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọbìnrin ará abúlé wa wá nàka sí mi.

“Mùsíè, òun lẹ máa pè. Òun ò ní ìyá.”

Olùkọ́ wò mí. Mo mọ àlọ́ ju gbogbo wọn lọ, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn Sakété lọ́sẹ̀ náà. N kò gbà pé àlọ́ ń pa ènìyàn. Ìyá àwọn tí kò pa á lọ́sàn-án rí náà ń kú. Ṣùgbọ́n tí mo bá pa á, mo ti gbà pé òótọ́ lọmọbìnrin náà sọ nìyẹn.

“Ìyá mi wà láyé, Mùsíè.”

Ọmọbìnrin náà ní, “Irọ́! Wọ́n ti sin ín tipẹ́!”

“Ó wà ní Sakété.”

“Ṣé sàréè ló ń jẹ́ Sakété báyìí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kọ òdo síwájú orúkọ mi. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun kan dìde lẹ́yìn náà, ó ní èèwọ̀ yẹn kò mú àwọn. Ó pa àlọ́ ìjàpá, ó fo orin rẹ̀. Òun ló gba àyè náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni èmi tó lọ.

Ní Sátidé, mo gun ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Sakété, mo sì ròyìn fún Ìyá.

Ó pòṣé. “Nítorí tèmi? Ṣé orí rẹ pé báyìí? Ibà ò pa mí, àlọ́ ni yóò wá pa mí?”

Obìnrin tó wà lórí ibùsùn kejì gbórí sókè.

“Ìyá, ọmọ yín nìyí?”

“Ẹ bi í léèrè.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo dúró wò ó bóyá nǹkan kan yóò mì nínú mi. Kò sí nǹkan kan tó mì. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ń bó ọsàn fún un.