Ọkọ̀ Tó Padà Sílé Ẹni Tó Ṣe É

Òórùn méjì ló máa ń pàdé ara wọn lẹ́nu ọ̀nà Sakété bí o bá ń ti Àjàṣẹ́ bọ̀. Èkínní ni òórùn gàrí tí àwọn obìnrin ń yan nínú agbada fífẹ̀, tí èéfín rẹ̀ tó kan díẹ̀ máa ń bá aṣọ ènìyàn délé. Èkejì ni òórùn nǹkan dídán tí wọ́n fi ń nu táyà níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkúnbọ̀ lódìkejì títì. Ti àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ kí ebi pa mí, ti èkejì máa ń jẹ́ kí n rò pé mo ti di ènìyàn ńlá. Àárín òórùn méjèèjì ni mo dúró sí lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, tí ìwé kan wà lọ́wọ́ mi, tí àwọn ènìyàn sì ń wo ẹnu mi bí ẹni pé ìdájọ́ fẹ́ jáde níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì sì ni mo kọ́ ní yunifásítì, òun náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Sakété. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo lóye rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ju ìgbà kẹta lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀, nítorí ìwọ tó mọ̀ mí mọ̀ pé alùpùpù mi tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyá wa ló ṣubú ní àgbàlá ilé wa ní Pobè, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ̀, kò nà. Dókítà ní kí a máa gbé e wá sí ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n máa bá a na ẹsẹ̀ náà, pé bí a bá dáwọ́ dúró, yóò gan bẹ́ẹ̀ títí ayé. Tákísì la fi ń gbé e. O mọ tákísì ọ̀nà wa: ẹni mẹ́rin lórí ìjókòó ẹni mẹ́ta lẹ́yìn, méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, adìyẹ nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé pẹ̀lú ìyá wa, ló máa ń gbé ẹsẹ̀ náà lé itan ara rẹ̀ láti Pobè dé Àjàṣẹ́, tí yóò sì máa bú gbogbo ẹni tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bá sún mọ́ ọn. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ìyá wa sọ̀kalẹ̀ nínú tákísì, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò lọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà gan.” Obìnrin tí kì í sunkún ni. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ nìyẹn.

Ọkọ̀ tí mo rí dára ju èmi tó fẹ́ rà á lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tí òjò pa, àga rẹ̀ ga níwọ̀n, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, owó rẹ̀ kò sì ju ìlàjì owó èkejì rẹ̀ tó wà nítòsí lọ. Alájì tó ń tà á, ọmọ Ìlaròó tó ti ń ṣòwò ní Sakété láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú, kò dúró kí n béèrè ìdí. Ó ṣí àpótí kékeré iwájú ọkọ̀, ó fa ìwé yọ.

“Ìwé yìí bá a ti Amẹ́ríkà wá ni. Ẹ kà á kí ẹ tó dá mi lóhùn, Purofẹ́sọ̀.”

Purofẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo ẹni tó bá ti di ẹfun mú ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe oyè. Ohun tí ìwé náà wí, bí a bá bọ́ ẹ̀wù agbẹjọ́rò tí wọ́n wọ̀ fún un, ni pé ẹni àkọ́kọ́ tó ra ọkọ̀ yìí ní tuntun sọ pé ó máa ń kú fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó gbé e lọ fún àtúnṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà gbà á padà, wọ́n dá owó ọlọ́kọ̀ padà fún un, wọ́n pààrọ̀ ohun tó ń fa epo wọ inú ẹ́ńjìnnì, wọ́n wá tún un tà ní ẹ̀dínwó pẹ̀lú ìwé tí yóò máa tẹ̀ lé e kiri láti máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ ò fa ìwé yìí ya?” ni mo bi Alájì.

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. “Kí n fà á ya, kí Ọlọ́run máa wò mí? Ẹ wo gbogbo ọkọ̀ tó wà níbí. Ta ló sọ fún yín pé ara wọn yá? Èyí nìkan ló ní ìwé dókítà.”

Ibẹ̀ ni orí mi ti kọ́kọ́ dàrú. Bí ọlọ́jà bá parọ́ fún wa, a mọ ohun tí a ó ṣe: a ó máa gé irọ́ náà kù bí a ṣe ń gé owó, títí a ó fi pàdé láàárín. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wa bí a ṣe ń ná òótọ́?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá sẹ́ńsọ̀ wa, igbákejì ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọkùnrin tí kì í dáhùn ìbéèrè láìkọ́kọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó bọ́ ọ. “Ọkọ̀ gidi kì í padà sílé ẹni tó ṣe é,” ó ní. “Ìlànà ni.” Ó tún wọ awò náà, ó lọ síbi ọkọ̀ tirẹ̀, ó tú okùn tó fi so ilẹ̀kùn rẹ̀, ó jókòó, ó wá ní kí n jọ̀ọ́ bá òun tì í díẹ̀. Mo bá a tì í.

Mẹkáníìkì mi ní tirẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ náà fún odindi wákàtí kan. Ó ní ohun tí wọ́n kọ pé àwọn pààrọ̀, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, òun fojú rí i.

“Ṣé kí n rà á nígbà náà?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Kí n má rà á?”

“Ṣé mo sọ ìyẹn náà?” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. “Purofẹ́sọ̀, ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní wọn ò kọ ọ́, ǹ bá ti ní kí ẹ rà á lánàá.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sùn tì í, tí mo fi jí tì í. Láàárọ̀, ìwé náà á dà bí ẹ̀rí pé ara ọkọ̀ náà ti yá. Lálẹ́, á dà bí ìkìlọ̀ tí òmùgọ̀ kan kà kó tó kú. Ìyá wa kò lọ sí Àjàṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, èmi àti Alájì gbé ọkọ̀ náà lọ sí Pobè, kí ìyá wa lè jókòó sínú rẹ̀ wò bóyá àga rẹ̀ bá ìbàdí rẹ̀ mu. Ọ̀pẹ wà lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ wà lósì, títì ń dán, ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ wúkọ́. Kí n tó pa á tán ní àgbàlá ni èrò ti kún: ará ilé, àwọn aládùúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nínú aṣọ funfun pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, àti àwọn tó kàn ń kọjá lọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ ohun tó wà nínú ìwé. Bí o bá rí bí wọ́n ṣe dákẹ́ dè mí, ìwọ náà ì bá fẹ́ dá wọn lára yá. Mo gbé ìwé náà sókè.

“Kò le,” ni mo wí. “Wọ́n mú un fún ọkọ. Ọkọ ní ìwà rẹ̀ kò dára, ó dá a padà sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ nílé bàbá, wọ́n ti fi òróró pa á lára, wọ́n ń wá ọkọ mìíràn fún un ní ẹ̀dínwó. Ilémoṣú ni!”

Ẹ̀rín bú. Alájì fọwọ́ lu orí ọkọ̀ náà gbàgà. Mo ń gbádùn ẹ̀rín náà lọ títí mo fi ṣàkíyèsí pé ó ń kú láti ẹ̀yìn bọ̀ níwájú, bí èrò ṣe ń yà fún ẹni tó ń kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé omi bọ̀ fún Alájì.

Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ. Ọdún keje nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi ti kúrò nílé ọkọ rẹ̀ ní Sakété, tó padà sílé ìyá wa pẹ̀lú báàgì kan àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ilémoṣú ni wọ́n ń pè é bí kò bá sí nítòsí. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀. A ní ọ̀wọ̀ rẹ̀ la ń pa mọ́.

Ó gbé omi fún Alájì, ó dúró títí ìyẹn fi mu ún tán. Ó wá rìn yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan.

“Alájì, wọ́n yẹ ọkọ̀ yìí wò dáadáa níbi tó padà sí?”

“Dáadáa, ìyá mi. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé.”

“Ẹni tó ń wà á tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Wọ́n yẹ òun náà wò?”

Alájì ṣíjú wo ìwé ọwọ́ mi. “Ìyẹn… kò sí nínú ìwé.”

“Mo mọ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó gba ife rẹ̀, ó wọlé.

Mo tẹ̀ lé e dé ilé ìdáná. Ó ti ń ṣa ẹ̀wà, kò sì gbójú sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni mo ń ṣe.”

“Mo gbọ́ ọ. Ó dùn. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.” Ó ju òkúta kan sí ẹ̀gbẹ́. “Má tìtorí mi ra ọkọ̀ o. Má sì tìtorí mi kọ̀ ọ́. Nítorí ẹsẹ̀ Ìyá lo ṣe jáde nílé.”

Wo bí orí mi ṣe wá rí nígbà náà. Tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń dà mí láàmú. Nísinsìnyí, bí mo bá ra ọkọ̀ náà, a jẹ́ pé ọkọ̀ ni mo fi ń tọrọ àforíjì. Bí n kò bá rà á, a jẹ́ pé mo tún ẹjọ́ náà dá lójú rẹ̀. N kò rántí pé wọ́n kọ́ wa ní èyí ní yunifásítì, bóyá ọjọ́ tí n kò wá ni.

Ìyá wa ló yanjú rẹ̀, bí a bá lè pe ìyẹn ní ìyanjú. Nígbà tí mo jáde, ó ti wà nínú ọkọ̀, ọ̀pá rẹ̀ lórí itan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínà síwájú láìsí ẹni tó gbé e dání, kò sì gbà láti sọ̀kalẹ̀.

“Ọjọ́bọ̀ lòní?” ó bi mí.

“Rárá, Ìyá. Ọjọ́ Àìkú ni.”

“Màá dúró dè é níbí.”

Mo ra ọkọ̀ náà. Má bi mí bóyá mo pinnu.

Ó gbé wa lọ sí Àjàṣẹ́ nínú òjò, ó gbé wa lọ nínú ọyẹ́, ẹsẹ̀ ìyá wa sì ń nà díẹ̀díẹ̀. Mo ti ń gbàgbé ìwé náà. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n ní kí ìyá wa sùn ní ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan la sì ń padà bọ̀ lọ́sàn-án. Ní ìhà Takon, láàárín oko àgbàdo, ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó kú. Kò sí ariwo, kò sí èéfín. Gẹ́lẹ́ bí ìwé ṣe wí.

“Ó ti dé,” ni mo wí. “Mo mọ̀ ọ́n. Àrùn tó lé e kúrò lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ ni.”

Ẹ̀gbọ́n mi kò wò mí. “Kí lo fi bọ́ ọ láàárọ̀?”

Mo ronú. “Epo ẹ̀sáǹsì inú ìgò.”

“Ti ẹ̀bá títì?”

“Ti ẹ̀bá títì. A ń kánjú.”

“O wo ìdí ìgò náà?”

Mo wò ó. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. “Ó jọ pé omi díẹ̀ wà níbẹ̀.”

“Omi díẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́ tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti padà wálé. “Wọn á fi omi bọ́ ọ, wọn á wá ní kò mọ ọ̀nà rìn.”

Ẹ̀rín náà tán. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ewé àgbàdo. N kò mọ ohun tó ṣí mi lẹ́nu.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀ nílé ọkọ yín?”

Ó yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sísàlẹ̀ kó tó dáhùn. “Ọdún keje ti kọjá, Purofẹ́sọ̀.”

“Mo mọ̀.”

“Ó gùn.”

“Ọkọ̀ ti kú,” ni mo ní. “A ráyè.”

Ó sọ ọ́. N kò ní kọ ọ́ síbí. Tirẹ̀ ni, mo sì ti ka ìwé kan síta ní àgbàlá tẹ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ń dẹwọ́ eré láti bi wá bóyá a fẹ́ ìrànlọ́wọ́, mò ń juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ. Ìgbà kan dé tí mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì náà ti sinmi tó, pé bóyá bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ á jí. Kọ́kọ́rọ́ náà so rọ̀ lẹ́bàá orúnkún mi. N kò fọwọ́ kàn án.

Títí dòní n kò lè sọ fún ọ bóyá ọkọ̀ yẹn ní àrùn tí ìwé rẹ̀ wí, tàbí omi inú ìgò ni. Ohun kan ṣoṣo ló yé mi nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì yẹ́ mi sí: ìbéèrè tí mo gbé kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ọkọ̀, tí mo fi da sẹ́ńsọ̀ láàmú, tí mo fi da mẹkáníìkì láàmú, ọdún méje ni mo fi jẹ oúnjẹ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi láìbi í.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀.

“Yí i wò,” ó ní.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó kọ̀. Mo lu ọwọ́ ìtọ́kọ̀, mo fẹ́ bú u.

“Tún un yí,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Má pariwo mọ́ ọn.”