Ọ̀bẹ Tí Mo Rọ fún Bàbá Mi

Àgbò Iléyá kan wà tí bàbá mi gé lọ́fun lẹ́ẹ̀mejì. Odindi ọdún kan ni ọ̀rọ̀ ẹran náà fi ń dùn mí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bàbá mi ló ń dúńbú ẹran ọdún ní ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn dù ú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ọwọ́ wọn gbọ̀n, ọ̀bẹ wọn àtijọ́ tó ti jẹ tín-ín-rín yọ̀, ó di dandan kí wọ́n tún gé e. Ẹran náà jìyà. Gbogbo wa la rí i pé ojú ti bàbá. A ò tíì jẹ ẹran náà tán tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí àbúrò wa ọkùnrin gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn.

Inú bí mi. Obìnrin ni mí lóòótọ́, àmọ́ ọ̀bẹ ni mò ń rọ jẹun. Àwọn alásè òtẹ́ẹ̀lì ń wá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtámágà, ní Ìkòròdú, bàbá tó bí mi wá ń fi irin tó ti jẹ tán pa àgbò! Mo bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n fún bàbá ní ọdún kan sí i. Wọ́n gbà, wọ́n ní tí ọwọ́ bàbá bá tún lè yọ̀, ó parí nìyẹn.

Amọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo ní kí bàbá mi dì í mú bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú. Wọ́n dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ojú ìka wọn sì hàn síbẹ̀ kedere.

"Ṣé ìkòkò lo fẹ́ kí n mọ fún ẹ ni?"

Mo fi aṣọ tútù wé amọ̀ náà, mo gbé e lé itan títí mo fi dé Ìkòròdú.

Sípíríǹgì mọ́tò àti ayùn ògbólógbòó ni mo tò léra. Mo fi iná àti òòlù lẹ̀ wọ́n pọ̀, mo ṣẹ́ wọn po, mo tún lù wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n là kúrò lára ara wọn, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo ṣépè fún wọn. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó gbọ́ràn. Nígbà tí mo pọ́n ọn tán, mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, ìlà dúdú àti funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n ń lọ kọ́lọkọ̀lọ láti ìdí dé ẹnu. Mo ra igi ìrókò fún èèkù rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń lagi ní Lasunwon, mo gbẹ́ ẹ títí ó fi bá ojú ìka inú amọ̀ náà mu. Mi ò fi ọ̀bẹ náà han ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu. Ìwà òmùgọ̀ tèmi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí wọ́n ti yídì dé, mo mú bàbá lọ sẹ́yìn ògiri, torí a kì í jẹ́ kí ẹran rí ọ̀bẹ; ìyá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé wa. Mo tú aṣọ tí mo fi wé ọ̀bẹ náà. Bàbá wò ó, wọ́n sì fà sẹ́yìn.

"Ta ló kọ nǹkan sí i?"

Wọn ò tíì rí irú irin bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ilé kéú ni bàbá mi, lójú tiwọn, ìlà tó bá ń lọ kọ́lọkọ̀lọ báyẹn, tírà ni.

"Bísímílááì ni mo fi ń pa ẹran, mi ò fi oògùn pa á. Ẹ bá mi mú tàtijọ́ wá."

Ìyá mi já ọ̀bẹ gbà, wọ́n fi yanrìn bó o. Àwọn ìlà náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń wo ara wọn. Mo gba ọ̀bẹ padà, mo na èèkù rẹ̀ sí bàbá.

"Bàbá, ẹ wo ara igi yìí. Ta ló kọ ìlà wọ̀nyí?"

"Ta ló máa kọ ọ́? Bí igi ṣe hù nìyẹn."

"Bí irin náà ṣe rí nìyẹn, bàbá mi. Irin méjì ni mo ṣẹ́ po. Inú ni ìlà náà ti wá, kì í ṣe pé ẹnì kan kọ ọ́."

Wọ́n wo igi, wọ́n wo irin, wọ́n tún wo èmi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di èèkù náà mú, ìka kọ̀ọ̀kan sì wọ ojú rẹ̀.

"Amọ̀ ọjọ́sí nìyí."

Ọwọ́ wọn ṣì ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ àgbò, àmọ́ ọ̀bẹ ò yí lọ́wọ́ wọn. Bísímílááì, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó parí. Mo mí kanlẹ̀. Ara tù mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọdún mi, ìyá mi sì bá mi wí.

Bàbá fọ ọ̀bẹ, wọ́n nù ún, wọ́n wá pe àbúrò mi. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ lo máa pa àgbò."

Àbúrò mi di èèkù náà mú, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Bàbá, kò bá ọwọ́ mi mu."

Bàbá mi to ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sójú ibi tí tiwọn wà.

"Bí mo ṣe máa ń dì í mú nìyẹn."