Báńkì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Kí N Kó Owó Oṣù Mi Lọ

Inú yàrá méjì tí wọ́n bí mi sí ní àdúgbò Aboabo náà ni ìyá mi ṣì ń gbé nígbà tí onílé wa kú. Baba Hausa kan ni, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ ilé tí ayálégbé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n fẹ́ tà á. Èyí àgbà nínú wọn wá bá wa, ó jókòó ti ìyá mi.

Ó ní, “Hajia, kò sí ẹni tó pẹ́ tó yín nínú ilé yìí. Bí ẹ bá lè rà á, ẹ̀yin la ó tà á fún. A ó dúró dè yín títí ààwẹ̀ yóò fi parí.”

Ìyá mi yíjú sí mi. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń gba owó oṣù ìjọba, èmi náà ni n kò lọ́kọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, òun nìkan ni ìyá wa bí ṣáájú mi, ti kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ńlá kan ní Race Course. Bó bá wá kí wa, ìyá mi á fi aṣọ nu àga kó tó jókòó. Bí èmi bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bi mí bóyá mo ra omi bọ̀.

Mo lọ sí báńkì mi láti yá owó ra ilé náà. Ibẹ̀ ni owó oṣù mi ti ń wọ̀ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Obìnrin tó ń rí sí yíyá èèyàn lówó ra ilé níbẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Ó wo ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde nínú àkáǹtì mi, ó sọ fún mi ní Twi, èdè àwọn ọmọ ìlú, pé òun kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó rán ẹnì kan wá yẹ ilé náà wò. Ó ku kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ sí i.

Ó ní, “Ta ló ní kí o lọ síbẹ̀? Ìwọ tí o ní ẹ̀gbọ́n ní báńkì, o wá ń tọrọ lọ́wọ́ àjèjì.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀.”

“Ti àkáǹtì yẹn pa. Kó owó oṣù rẹ wá sọ́dọ̀ wa. Báńkì kì í yá ẹni tó ń fẹsẹ̀ kan rìn níhìn-ín, tó ń fẹsẹ̀ kan rìn lọ́hùn-ún lówó. Bí o bá ti di oníbàárà wa, ojú tí wọ́n fi ń wò mí ni wọn yóò fi wò ọ́.”

Mo ní, “Ṣé kò ní dáa kí n dúró ná, kí n gbọ́ èsì tiwọn?”

Ìyá mi ló dá mi lóhùn. “Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ wí ni kí o ṣe. Àbí o fẹ́ kí n kú sí ilé ẹlòmíràn nítorí agídí rẹ?”

Mo padà sí báńkì mi. Nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ ti àkáǹtì mi pa, obìnrin yẹn gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Sister, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí èèyàn pààrọ̀ báńkì. Ṣùgbọ́n gba ilé ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tó bá wù ọ́ ni kí o kó lọ.”

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wò mí títí. Ó fa ìwé jáde, ó ní kí n fọwọ́ sí i.

Nígbà tí owó oṣù mi ti wọ báńkì ẹ̀gbọ́n mi, mo lọ tọrọ owó ilé níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò bójú tó ọ̀rọ̀ mi. Ó ní kí n lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan nísàlẹ̀. Ọmọ náà níwà pẹ̀lẹ́.

Ó ní, “Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, Madam, owó oṣù kan ṣoṣo la rí nínú àkáǹtì yín. Ẹ jẹ́ kó máa wọlé fún ìgbà díẹ̀ sí i kí ẹ tó padà wá.”

“Ìwé báńkì mi àtijọ́ wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ọdún tí mo fi wà níbẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.”

“A ti rí i. A sì rí i pé ẹ tọrọ owó láti ra ilé níbẹ̀, ẹ kúrò kí wọ́n tó dáhùn. Àwọn ọ̀gá mi á fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń sá fún.” Ó wá rẹ́rìn-ín sí mi. “Ṣùgbọ́n ẹ ràn wá lọ́wọ́ gan-an o. Oníbàárà tuntun tó ń gba owó oṣù ìjọba ni wọ́n ní ká wá lọ́dún yìí. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí iye oníbàárà tí wọ́n bù fún ẹ̀gbọ́n yín pé.”

Mo gòkè lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Kò ní kí n jókòó.

“Mo ní kí o wá,” ó wí. “Ṣé mo ní wọn yóò yá ọ lówó lọ́jọ́ tí o dé ni?”

“Ẹ ní ojú tí wọ́n fi ń wò yín ni wọn yóò fi wò mí.”

“Ìwọ tí o ń gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́, o ò lè béèrè ọ̀rọ̀ kí o tó ti àkáǹtì pa? Wò ó, iṣẹ́ ń dúró dè mí.”

Mo sáré padà sí báńkì àkọ́kọ́. Wọ́n ní mo lè ṣí àkáǹtì tuntun, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni. Ààwẹ̀ parí. Lẹ́yìn Ìtúnu, àwọn ọmọ onílé ta ilé fún ọkùnrin kan tó ń ta páàtì ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ó fún wa láàyè láti wá ilé, a kò tètè rí. Ìyá mi ní òun kò jáde, ẹ̀gbọ́n mi ní kí a máa ní sùúrù, n kò sì mọ ohun tí sùúrù yóò ṣe sí i.

Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ dé, ìyá mi ń kírun Àlàásárì. Wọ́n ń tú páánù lórí yàrá wa. Ìpàǹtí ń já bọ́ sórí ìborùn rẹ̀ àti sórí ẹní ìrun. Mo jáde lọ bẹ ẹni tó ra ilé pé kó jẹ́ kí arúgbó parí ìrun rẹ̀.

“Sai haƙuri, ẹ ní sùúrù,” ó wí, ó sì ní kí wọ́n lọ tú ẹ̀gbẹ́ kejì ná. Ẹ̀gbẹ́ kejì náà, orí yàrá wa ni. Ìyá mi forí kanlẹ̀, ó gbé e sókè, oòrùn sì ti wọlé bá a. Ó parí ìrun rẹ̀ láìyára rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó gbé àpò ìyá wa. Ìyá mi dúró níwájú mi kó tó wọkọ̀. Ó ní, “Ìwọ lo lé mi jáde níbí. Ká ní o tètè ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ wí ni, ilé yìí ìbá ti jẹ́ tiwa.” Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ. Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un.

Mo gba yàrá kan ní Ayigya láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. N kò gbé owó oṣù mi kúrò ní báńkì ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe nítorí rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí ni. Nígbà tó yá, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pè mí. Ó ní àkáǹtì mi ti gbó tó. Wọ́n yá mi lówó, mo ra ilé kékeré kan tí wọn kò tíì kùn, lẹ́yìn Ayigya. Àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá kí wọ́n pààrọ̀ báńkì kí wọ́n lè rí owó yá ra ilé. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, ẹ tètè pààrọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó lọ tọrọ. Bí ẹ bá sì ti tọrọ, ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Mo lọ mú ìyá mi. Yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, tí wọ́n kọ́ fún ọlọ́dẹ, ni ẹ̀gbọ́n mi fi í sí.

Ìyá mi bi mí pé, “Ta ló yá ọ lówó?”

“Báńkì ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Ojú rẹ̀ tàn. N kò rí i kó tàn bẹ́ẹ̀ sí mi rí. “Ṣé o wá rí i báyìí pé ire rẹ ló ń wá? Èmi ò kúrò lọ́dọ̀ ọmọ mi. Wọlé lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ń jẹun. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ó jẹ òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

Ó ní, “Ó dáa. Má ṣáà gbé owó oṣù rẹ kúrò lọ́dọ̀ wa.”